Ara yíyún Màmá ní Delhi: ohun tí òróró rí ṣe àti ohun tí kò rí ṣe

Bàbá la gbé lọ sí Delhi fún ìtọ́jú, kì í ṣe Màmá. Egungun ìbàdí Bàbá ló ti bàjẹ́, wọ́n sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kan lára àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní gúúsù ìlú náà, níbi tí àwa ọmọ Nàìjíríà, àwọn ará Íráàkì àti àwọn ará Kẹ́ńyà ti ń to ìlà pọ̀ bí ẹni tó wá ra iṣu ní Bódìjà. Màmá tẹ̀lé wọn kí Bàbá lè rí ọbẹ̀ gidi jẹ. Èmi tẹ̀lé àwọn méjèèjì láti máa bá wọn túmọ̀ èdè. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la lò, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní. Nínú ọ̀sẹ̀ kejì ni ara Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í yún, tí oorun sì fi ojú wọn sílẹ̀.

Ẹni ọdún 66 ni wọ́n nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni àìsàn tí wọ́n ní, amlodipine ni wọ́n sì ń lò sí i láti bí ọdún mẹ́fà. Ní ti awọ, kò sí ju ti ọyẹ́ lọ: ẹsẹ̀ wọn á funfun, wọ́n á fi òrí pa á, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ojúgun ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gun itan, ó gba ìbàdí kọjá, ó dé àárín ẹ̀yìn níbi tí ọwọ́ kì í dé. Lójú ọ̀sán, wọ́n lè fi ọwọ́ pa á kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Tó bá ti di aago mọ́kànlá alẹ́ ni ogun ń dé. Yàrá kan náà la jọ ń sùn nílé àlejò tá a háyà. Mo máa ń gbọ́ èékánná lórí awọ gbígbẹ, ṣàràṣàrà, bí eku tó há sínú ọ̀rá. Màá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má họ ọ́ mọ́." Wọ́n á ní, "Ìwọ ṣáà sun tìẹ." Ní aago mẹ́ta òru, wọ́n á ti dìde jókòó, wọ́n á máa ka Sáàmù lábẹ́ ohùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú fóònù: aago tí wọ́n sùn, aago tí wọ́n jí, ibi tó yún wọn. Alẹ́ tó burú jù nínú àkọsílẹ̀ yẹn, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú ogún ni wọ́n fi sùn.

Ẹni tí kò dé Delhi rí lè rò pé gbogbo Íńdíà ló gbóná. Ní oṣù kìíní, òtútù òru níbẹ̀ lè dé ìwọ̀n 5 tàbí 6, kùrukùru á bo ojú pópó dáadáa. Ilé àlejò náà gbé hítà oníná pupa kan fún wa, a sì gbé e kalẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ibùsùn Màmá, ìyẹn ni pé ojúgun wọn gan-an ló kọjú sí. Wọ́n ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó wọn lára, nítorí òtútù. Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn, wọ́n ní ìdọ̀tí ilé ìwòsàn ló ràn wọ́n, wọ́n bá ń da omi apakòkòrò sínú omi ìwẹ̀, wọ́n sì ń fi kànrìnkàn tí wọ́n gbé láti Ìbàdàn fọ ara bí ẹni ń fọ ìkòkò. Òrí tí wọ́n gbé wá tán ní ọjọ́ kẹsàn-án.

Lẹ́yìn náà ni chlorpheniramine dé, oògùn yẹ́lò kékeré tí gbogbo ilé ní Nàìjíríà mọ̀. Wọ́n ń lo ọ̀kan lálẹ́, nígbà mìíràn méjì. Oògùn yẹn máa ń kun ènìyàn lóorun, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lára àgbàlagbà kì í tètè kúrò. Màmá ò rí oorun tó nítumọ̀ sùn lóru, àmọ́ lọ́sàn-án, lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá, wọ́n á sùn fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Ẹni tó bá ti sùn báyẹn lọ́sàn-án, kí ló fẹ́ sùn lóru? Tí kò bá sì sùn lóru, ara yíyún nìkan ló ní láti bá sọ̀rọ̀. Èmi tí mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ò rí okùn tó so wọ́n pọ̀. Mo rò pé àìsàn méjì ni.

Dókítà awọ la kọ́kọ́ rí, ní ilé ìwòsàn tí Bàbá wà. Mo dúpẹ́ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe. Ara yíyún lóru lára ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kì í ṣe ohun tí à ń fi òróró bò mọ́lẹ̀ ká tó wo ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ lè fà á, kíndìnrín lè fà á, thyroid, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni àìtó irin nínú ẹ̀jẹ̀, àti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tàbí méjì. Ó tún lè jẹ́ scabies, kòkòrò tíntìntín tó ń gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ, tí yíyún tirẹ̀ náà máa ń le lóru. Dókítà náà wo àárín ìka ọwọ́ Màmá, ọrùn ọwọ́, abẹ́ ọmú àti ìbàdí, kò rí ihò kankan. Ó bi mí bóyá ara èmi náà ń yún. Rárá. Bàbá ńkọ́? Rárá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, èsì sì dára láti òkè délẹ̀. Ó ní awọ gbígbẹ ni, kí wọ́n dín ooru omi ìwẹ̀ kù, kí wọ́n ra ìpara aláìlóòórùn kan, kí wọ́n máa fi pa ara ní kété tí wọ́n bá wẹ̀ tán. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Màmá jáde, wọ́n ní, "Ó ní kò ṣe mí ní nǹkan kan." Alẹ́ ọjọ́ yẹn, omi gbígbóná náà ni wọ́n fi wẹ̀.

Ìgbà tí a ń bọ̀ láti ibẹ̀ ni wọ́n rí igi kan létí títì, wọ́n sì dúró lójijì. "Ẹ ò rí i! Dóńgóyárò!" Òun ni lóòótọ́. Neem ni wọ́n ń pè é ní Delhi, nimba nínú ìwé àtijọ́ wọn, ó sì tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ pópó ìlú náà. Ilẹ̀ wọn ni igi náà ti ṣẹ̀. Ọdún 1928 ni wọ́n mú irúgbìn rẹ̀ láti Gánà wá sí Borno, ibẹ̀ ló ti tàn dé ọ̀dọ̀ tiwa. Fún Màmá, ibà la fi ń lé lọ. Fún àwọn ará Delhi, ara yíyún ni wọ́n ń se ewé náà fún. Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti fọkàn balẹ̀ pé àwọn ènìyàn yìí mọ nǹkan kan, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Obìnrin tó ń se oúnjẹ nílé àlejò ló darí wa sí ilé ìwòsàn Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ àtijọ́ ti Íńdíà. Kò jìnnà, kẹ̀kẹ́ márúwá kan ló gbé wa débẹ̀. Mo ti múra láti bá babaláwo tó wé láwàní pàdé. Obìnrin bí ẹni ogójì ọdún la bá, ó wọ aṣọ funfun dókítà, ìwé ẹ̀rí sì wà lára ògiri. Ní Íńdíà, ọdún márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n fi ń gba oyè BAMS, ti dókítà Ayurveda, ọdún kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ sì ti ní ilé iṣẹ́ mínísítà tirẹ̀ fún irú ìṣègùn yìí, AYUSH, láti 2014.

Ó fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ Màmá, ó dákẹ́. Ó wo ahọ́n. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: aago mélòó ni wọ́n ń jẹun alẹ́? Ṣé ìgbẹ́ wọn le? Irú omi wo ni wọ́n fi ń wẹ̀? Ibo ni wọ́n ń sùn sí, kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn? Lọ́sàn-án ńkọ́, ṣé wọ́n ń sùn? Kí ni wọ́n ń rò tí wọn ò bá rí oorun? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni mo túmọ̀ tí Màmá fi dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Mò ń rò pé bí Bàbá ẹ ò bá dìde mọ́ ńkọ́?" Ogójì ìṣẹ́jú la lò níbẹ̀. Nígbà tá a jáde, wọ́n ní ìbéèrè tí obìnrin yẹn bi àwọn lọ́jọ́ kan ju èyí tí Bàbá bi àwọn láti ogójì ọdún lọ.

Àlàyé dókítà náà rèé, bí mo ṣe gbọ́ ọ. Kaṇḍū ni ara yíyún ní èdè ìwé wọn, kapha ni wọ́n sì sábà máa ń kà á sí lọ́rùn, ìyẹn èyí tó wúwo tó sì ń yọ̀ nínú àwọn agbára mẹ́ta tí wọ́n gbà pé ó ń ṣàkóso ara. Àmọ́ ti Màmá gbẹ, kò sómi níbẹ̀, òtútù ń mú un le, oorun sì ti lọ. Ó ní vāta nìyẹn. Mo ní kó ṣàlàyé vāta kí n lè túmọ̀ rẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ni: ó gbẹ, ó tutù, ó fúyẹ́, kì í dúró sójú kan. Kí n tó túmọ̀ tán, Màmá ti mi orí. "Ọyẹ́ ló ń sọ."

Èmi ò gbà pé afẹ́fẹ́ kan wà nínú ara tí ìka mẹ́ta lè kà. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ wà, mo mọ̀ ọ́n, ohun tí ó sì ń ṣe fún awọ kò yàtọ̀ sí ohun tí hítà àti òtútù Delhi ń ṣe. Awọ àgbàlagbà kì í ní ọ̀rá púpọ̀ mọ́. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ń bọ́ díẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Lóru, ara máa ń móoru sí i lórí awọ, omi ń gba ara awọ sá lọ ju ti ọ̀sán lọ, cortisol tí ara fi ń pẹ̀tù sí wíwú àti yíyún sì máa ń lọ sílẹ̀. Kò sí ariwo tó lè gbàfiyèsí ènìyàn. Gbogbo rẹ̀ á wá dojú kọ ojúgun.

Nípa oorun, ó sọ fún wa pé ìwé Caraka, ìwé ìṣègùn Ayurveda àtijọ́ kan, ka oorun mọ́ ohun mẹ́ta tó gbé ara dúró, pẹ̀lú oúnjẹ àti ìkóra-ẹni-níjàánu nípa ìbálòpọ̀. Ìwé kan náà lòdì sí oorun ọ̀sán, àfi nígbà ooru, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún aláìlera, ọmọdé àti arúgbó. Nígbà tí mo túmọ̀ ibi tó kàn arúgbó, Màmá ní kò kan àwọn.

Ohun tó ní ká ṣe kò ṣòro. Òróró yànmọ̀tí ni, kí a gbé ìgò rẹ̀ sínú omi gbígbóná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a fi pa gbogbo ara ní ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó wẹ̀. A kọ́kọ́ fi kín-ín-kín sí abẹ́ apá fún ọjọ́ kan, nítorí àwọn kan wà tí yànmọ̀tí kì í bá lára mu. Ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọṣẹ ò gbọdọ̀ kọjá abíyá àti ibi ìkọ̀kọ̀. Omi apakòkòrò, ó di dandan kó lọ. Kànrìnkàn náà tún ńkọ́? Ìyẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé e pamọ́, Màmá wá a títí, wọ́n ní tí wọn ò bá fi nǹkan ha ara, àwọn ò wẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó fi mí sílẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú èyí fún àgbàlagbà, òróró lẹ́sẹ̀ lórí táìlì tútù ń gbé ènìyàn ṣubú. A ti ní egungun ìbàdí kan nílé ìwòsàn, a ò fẹ́ èkejì. Orí àga ike ni mo ti ń pa á fún wọn, sálúbàtà onírọ́bà sì kì í kúrò lẹ́sẹ̀ wọn.)

Obìnrin tó ń se oúnjẹ ti kọ́kọ́ fi òróró músítádì lọ̀ wá, òun ni ọ̀pọ̀ ilé ní Delhi fi ń pa ara nígbà òtútù. Dókítà náà kọ̀ ọ́ fún awọ tí èékánná ti bó, ó ní yóò ta á. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí lára awọ náà kò jìnnà sí èyí: òróró músítádì máa ń ba ìbora òkè awọ jẹ́.

Fún ibi tí wọ́n ti họ títí ó fi pọ́n, ó fún wa ní ìpara funfun kan nínú agolo kékeré. Śatadhauta ghṛta ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni bọ́tà sísè tí a fọ̀ lọ́gọ́rùn-ún ìgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á da omi tútù sí i nínú àwo bàbà, wọ́n á pò ó, wọ́n á da omi nù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, títí tí yóò fi funfun tí yóò sì máa yọ́ lábẹ́ ìka. Màmá gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fi ìka pa á, wọ́n ní òrí tí kò ní ìwà òrí ni.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ẹsẹ̀. Lálẹ́, kí wọ́n tó sùn, mo máa ń fi òróró náà pa àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, màá wá fi ẹ̀yìn abọ́ idẹ kékeré kan yí i, yí i, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹsẹ̀ kan. Pādābhyaṅga ni wọ́n ń pè é. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ nípa àǹtí wọn kan ní Ìsẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà dúró sí àárín. Mo gbé ojú sókè. Wọ́n ti sùn.

Ó tún ní kí oúnjẹ alẹ́ má kọjá aago méje, kí oorun ọ̀sán má kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí hítà kúrò níbi ẹsẹ̀. Wàrà gbígbóná lálẹ́ wà nínú ìwé wọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wàrà máa ń da inú Màmá rú, ó sì fò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ wọ́ ni oògùn gbígbé mì. Ó kọ ashwagandha, egbòogi kan, fún oorun, ó sì kọ tíì kan tí mulethi wà nínú rẹ̀, gbòǹgbò kan tó dùn bíi ṣúgà. Ó ti bi mí tẹ́lẹ̀ pé oògùn wo ni Màmá ń lò. Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé oògùn ara yíyún ló ń béèrè, mo ní chlorpheniramine nìkan. Amlodipine ò sí lẹ́nu mi. Ẹ̀bi tèmi ni. Oníṣègùn tó wà níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ní ilé ìwòsàn Bàbá ló wo ìwé náà tó fi mú orí dání: mulethi máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń fa potassium sílẹ̀. Ashwagandha, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí òórùn ẹṣin, kò ṣàìní ẹ̀rí: àkópọ̀ ìwádìí márùn-ún tó jáde ní 2021, tí ènìyàn 400 wà nínú wọn, rí i pé ó ran oorun lọ́wọ́ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Àmọ́ àwọn kan ti ní àìsàn ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lò ó, ó lè da thyroid rú, ó sì lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ lórí oògùn tó ti ń fà á wálẹ̀. Ìjọba Denmark fòfin dè é ní 2023. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà Ayurveda lọ́jọ́ kejì, mo jẹ́wọ́. Kò jà. Ó fa ìlà sórí méjèèjì, ó ní, "Òróró nìkan, nígbà náà."

Àwọn oògùn róbótó dúdú kan tún wà, ìyẹn ni mi ò tilẹ̀ gbé dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ọkùnrin kan tó ń mú àwọn aláìsàn àjèjì rìn kiri ló gbé wọn wá sílé àlejò, nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ, ó ní wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Gbólóhùn yẹn gan-an ni wọ́n fi ń ta àgbo fún wa ní Dùgbẹ̀, ìdí nìyẹn tí Màmá fi fẹ́ gbà á. Nínú ìṣègùn Ayurveda, ẹ̀ka kan wà tó mọ̀ọ́mọ̀ ń po òjé, makuri àti irin mìíràn pọ̀ mọ́ ewé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun wọ́n lọ́nà tiwọn. Ní 2004, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé ìwádìí kan jáde lórí oògùn Ayurveda 70 tí wọ́n rà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ní àyíká Boston: 14 nínú wọn ní òjé, makuri tàbí arsenic, tí gbogbo wọn jẹ́ májèlé. Ní 2008 wọ́n yẹ 193 wò, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rà wọ́n, bí ìdá kan nínú márùn-ún ló tún rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún Màmá pé òjé ni. Wọ́n ní, "Òjé tí wọ́n fi ń ṣe ọta ìbọn?" Bí ọ̀rá náà ṣe padà sọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá nìyẹn.

Àkọsílẹ̀ inú fóònù mi sọ báyìí: alẹ́ kìíní lẹ́yìn tá a bẹ̀rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Alẹ́ kejì, wákàtí mẹ́rin. Alẹ́ kẹrin burú, nítorí ọjọ́ yẹn ni wọ́n pa chlorpheniramine tì pátápátá. Láti alẹ́ kẹjọ, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà, wọ́n ń jí lẹ́ẹ̀kan láti tọ̀. Ní ọjọ́ kejìlá, funfun ti kúrò lójúgun. Ní ọjọ́ kẹtàlá, Bàbá fi igi rìn láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, alẹ́ ọjọ́ náà ni Màmá sun wákàtí méje àkọ́kọ́. Mi ò mọ èyí tí màá kọ iye yẹn sí lọ́rùn nínú òróró àti igi Bàbá.

A yí ohun púpọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni ò lè là wọ́n. Tí wọ́n bá ní kí n búra, màá ní omi ìwẹ̀ àti hítà ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ìyẹn sì ni dókítà awọ ti sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́. Ohun kan náà ni obìnrin kejì sọ, ṣùgbọ́n ó gbé e sórí iṣẹ́ ọwọ́, lójoojúmọ́, ó sì fi èmi ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀. Màmá kì í gba "ẹ má ṣe é mọ́." Wọ́n gba "ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀."

Ibì kan wà tí òróró ò ran: ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀ òsì. Wọ́n ti họ ibẹ̀ títí awọ fi nípọn tó dúdú bí awọ ìlù, yíyún tirẹ̀ sì ti dá dúró lọ́tọ̀. Bọ́tà ọlọ́gọ́rùn-ún ìgbà ò rí i ṣe. Ìpara steroid tí dókítà awọ kọ, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ló rọ̀ ọ́, kò sì tíì lọ tán títí di òní.

Ní Ìbàdàn, yànmọ̀tí di àdí àgbọn, nítorí òun ló wà nítòsí. Ìwádìí kan ní Philippines ní 2014 ti fi ojúlówó àdí àgbọn pa ara àwọn ọmọdé tó ní àléfọ́ (eczema), awọ wọn sì dára sí i ju ti àwọn tí wọ́n fi òróró mìnírà pa lára lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé ní oṣù kejìlá, Màmá pè mí lórí fóònù ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àyà mi já. Abọ́ idẹ ni wọ́n ń wá, ibo ni mo gbé e sí? Mo ní inú àpótí pupa ni. Wọ́n wá a lọ, wọ́n padà sórí ìlà, ohùn wọn ti le: Bàbá ló ti gbé e, ẹ̀pà ni wọ́n ń bù sínú ẹ̀.